Ẹ má gé ìdúró kúrò nínú kátúùnù mi

Oníbàárà kẹta rèé láàárín oṣù méjì tó ń sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, ibi tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan yìí, ẹ yọ ọ́." Ibi tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan kẹ̀! Ìdúró ni ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti làágùn jù.

Ẹ jẹ́ kí n fi kátúùnù kan tó ń jẹ́ The Cat Concerto ṣàlàyé, ta ni ò mọ Tom ológbò àti Jerry eku? William Hanna àti Joseph Barbera ló darí ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 1947, ó sì gba Oscar. Tom wọ kóòtù dúdú onírù, ó ń tẹ dùùrù, orin Hungarian Rhapsody kejì ti Liszt. Inú dùùrù yẹn ni Jerry sùn sí. Àwọn òòlù tó ń lu wáyà jí i, ìjà dé.

Pàkúté ni kí ẹ wò. Jerry ti kọ́kọ́ mú àlùmọ́gàjí, ó lúgọ sí ìparí apá ọ̀tún dùùrù. Tom fi ìka kan ibẹ̀, Jerry fẹ́ gé e, ìka ti kúrò níbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí, kò rí i gé. Ló bá yọ díẹ̀ nínú ibi títẹ̀ funfun, ó fi pàkúté rọ́pò. Àwa tí à ń wò ti rí i, Tom ò rí i. Ó tẹ apá òsì pàkúté, ó tẹ apá ọ̀tún, ó tún fò ó. Ọwọ́ wa ti wà lẹ́nu. Ká ní ìka kàn já sínú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ológbò fara pa, ó tán nìyẹn.

Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ẹ ní kí n gé, àwòrán 48 ni. Tí mo bá ní kí ojú ẹnì kan dúró fún àwòrán 8, mo ti dán 6 wò, ó yá jù. Mo ti dán 12 wò, ó ti tutù. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lulẹ̀ kà á láàárín òru, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ti bá mi jà sí i.

Àwọn kan ń polówó pé áàpù àwọn ń ṣe kátúùnù ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ń ṣe é lóòótọ́: irun ń mì, ewé ń mì, ògiri náà fẹ́ máa mì. Ìyá kan tiẹ̀ ní kí n yọ ológbò kúrò nínú tòun, pé ẹran àjẹ́ ni. Mo fi ewúrẹ́ rọ́pò, mo sì gba owó ewúrẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ lọ ya ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ń rìn wò.

Ti alàgbà kan tó ń ta ọṣẹ ló dùn mí jù. Ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 45 ni mo ṣe fún un. Ọkùnrin kan wọ agbádá funfun, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà, epo ta sí i láyà. Ó wo àyà. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè, ó wò wá. Ìgbà yẹn ni ọṣẹ tó dé. Alàgbà gbé e fún ọmọkùnrin kan, ìyẹn fún un pọ̀ di 30: epo ta, ọṣẹ dé. Wọ́n gbé e síta, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ló bá padà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé pé iṣẹ́ mi ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Mo fún alàgbà ní àga. Mo ṣí The Cat Concerto. Tom ò tíì jókòó dáadáa sídìí dùùrù tí alàgbà fi wo aago ọwọ́ wọn.

"Ọ̀gá ayàwòrán, ìgbà wo gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀?"