Kí ló dé tí písítìn ẹ̀yìn kò fẹ́ wọlé? Páàdì bíréèkì ẹ̀yìn lára Mazda MX-5 àkọ́kọ́

Mazda MX-5 tó kọ́kọ́ jáde, èyí tí wọ́n fi han aráyé ní Chicago ní oṣù kejì ọdún 1989, ti di ọkọ̀ àtijọ́ báyìí. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kékeré ni, ìjókòó méjì péré, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i ló ń tún un ṣe fúnra wọn, torí iṣẹ́ ara rẹ̀ kò le. Àfi tí wọ́n bá dé ìdí bíréèkì ẹ̀yìn.

Mo pààrọ̀ páàdì iwájú láìsí wàhálà. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, mo fi kílámpù ti písítìn títí kó lè wọlé fún páàdì tuntun, kò mira. Ṣé ó ti dípẹtà ni?

Ó lè má dípẹtà rárá. Písítìn ni irin roboto tó ń ti páàdì. Ti iwájú, iṣẹ́ kan ló ń ṣe. Ẹ tẹ pẹ́dààlì, ọ́ìlì bíréèkì á tì í jáde, á fún páàdì mọ́ dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, á sún sẹ́yìn díẹ̀. Ọ́ìlì nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kílámpù fi ń tì í wọlé wẹ́rẹ́: ọ́ìlì kàn ń padà sínú ike rẹ̀ lókè ni.

Iṣẹ́ méjì ni ti ẹ̀yìn, torí pé òun náà ni bíréèkì ọwọ́ ń lò. Tí ẹ bá fa bíréèkì ọwọ́, wáyà tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá á fa apá irin kékeré kan lẹ́yìn kálípà, irin tó gbé písítìn àti páàdì dání. Apá yìí ló máa ti ọ̀pá kan tó wà nínú kálípà, ọ̀pá náà á sì ti písítìn. Kò sí ọwọ́ ọ́ìlì nínú èyí rárá. Irin ló ń ti irin.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí páàdì ṣe ń jẹ, àlàfo tí písítìn gbọ́dọ̀ rìn ń pọ̀ sí i. Ká ní ọ̀pá yẹn kò lè gùn sí i ni, bíréèkì ọwọ́ ì bá máa ga sókè títí tí kò fi ní di nǹkan kan mú mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe é ní oní-tírẹ́ẹ̀dì bíi ti bóòtì, kó lè máa tẹ̀ lé písítìn. Lára páàdì tó ti jẹ tán, ọ̀pá yìí ti jáde gan-an. Ẹni tó ń fi kílámpù ti písítìn dà bí ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi ìdábùú há láti inú. Kò ní ṣí. Nǹkan kan ni yóò kọ́kọ́ ṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa dá ọ̀pá náà padà?

Ẹ wo ẹ̀yìn kálípà, níhà tó kọjú sí inú ọkọ̀, nítòsí ibi tí wáyà bíréèkì ọwọ́ parí sí. Bóòtì kan wà níbẹ̀ tí sípánà 14 mm máa ń gbà. Kò di nǹkan kan mú, ìdérí ni. Tí ẹ bá tú u, ọ́ìlì kò gbọdọ̀ jáde. Tí ọ́ìlì bá ń kán, bóòtì tó so rọ́bà ọ́ìlì lẹ tú. Ẹ tètè dá a padà.

Ẹ ti Allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí bóòtì) 4 mm bọ inú ihò náà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tó bá wọ ojú ọ̀pá. Ìdọ̀tí sábà máa ń dí ibẹ̀ lára ọkọ̀ tó ti pẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ họ ọ́ dáadáa, torí Allen key tí kò bá wọlé tán máa jẹ igun ihò náà, ojú ọ̀nà náà á sì bàjẹ́. Ẹ wá yí i lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Písítìn á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìka méjì tó fún un. Ibi tó bá ti le, ibẹ̀ lẹ dúró sí.

Ẹ fi páàdì tuntun sí i, ẹ gbé kálípà bò ó, ẹ so ó. Ó kù kí ẹ tún yí Allen key, lọ́tẹ̀ yìí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, títí páàdì á fi gbá dísìkì mú. Ẹ dá a padà ní ìdá kan nínú mẹ́ta yíyípo kan. Dísìkì gbọ́dọ̀ ṣeé fọwọ́ yí, kó máa ha díẹ̀. Ẹ dá ìdérí padà.

Wọ́n ní kí n ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí písítìn fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ. Lára ọ̀pọ̀ Volkswagen, ojú písítìn ẹ̀yìn ní ihò tí irinṣẹ́ yẹn ń kọ́, ẹ ó sì máa yí i bó ṣe ń wọlé. MX-5 yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Jaguar E-Type ti ọdún 1961 tún wá yàtọ̀ pátápátá: bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ kò sí nídìí táyà, ẹ̀gbẹ́ dífírẹ́ńṣà (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn), láàárín táyà méjèèjì, ló wà, bíréèkì ọwọ́ sì ní páàdì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á wọ abẹ́ ọkọ̀ ni. (Ẹni tó ní E-Type kò gbọdọ̀ máa pariwo nípa owó iṣẹ́.)

Mo ti fi kílámpù tì í tagbára-tagbára kí n tó ka èyí ńkọ́?

Ẹ wo rọ́bà tó yí písítìn ká bóyá ó ya, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò. Tí bíréèkì ọwọ́ kò bá di ọkọ̀ mú mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, inú kálípà ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ máa nílò òmíràn.

Ṣé kí n fa bíréèkì ọwọ́ sókè kí ọkọ̀ má baà yí lọ?

Rárá o. Tí wáyà bá le, apá irin ẹ̀yìn kálípà kò ní sinmi. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi igi tàbí òkúta tó tóbi há táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn wọn. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi irin agbọ́kọ̀dúró sí abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ yẹ ike ọ́ìlì wò pẹ̀lú: bí písítìn ṣe ń wọlé ni ọ́ìlì ń gòkè, tó bá sì dà sára ọkọ̀ yóò bó ọ̀dà. Omi lẹ ó fi ṣan án kíákíá.

Páàdì inú ti jẹ tán, ti ìta ṣì nípọn. Kí ló fà á?

Kálípà yìí ń sún lórí ọ̀pá kékeré. Tí ọ̀pá náà bá gbẹ tàbí tó dípẹtà, páàdì tó wà níhà písítìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ wọ́n, ẹ nù wọ́n, ẹ fi gírísì bíréèkì pa wọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iyọ̀ ojú títì ìgbà òtútù ti ń jẹ abẹ́ ọkọ̀, èyí pọ̀ gan-an, ìlànà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún wọn, sì ka páàdì tó bá tín ju 1.5 mm sí ewu.

Eruku ibẹ̀ ńkọ́?

Ẹ má fẹ́ ẹ, ì báà jẹ́ ẹnu ì báà jẹ́ ẹ̀rọ. Páàdì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èròjà tí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì sọ ọ́ nù.

Mo tò ó tán, pẹ́dààlì wọlẹ̀ pátápátá, bíréèkì ọwọ́ náà sì ga.

Ẹ tẹ pẹ́dààlì léraléra kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, títí yóò fi le. Ní ti bíréèkì ọwọ́, ẹ má sáré lọ fún wáyà. Ẹ padà sídìí ihò 4 mm yẹn lápá méjèèjì, kí ẹ rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ dá padà lóòótọ́. Àfi tí apá méjèèjì bá bára mu tó sì tún ga ni kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.