Ṣáásì ni wọ́n ń tà, kì í ṣe lọ́rì: bí kọ́ńpìnì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un

Tí wọ́n bá gbé fọ́tò bọ́lẹ́kájà àtijọ́, lọ́rì onípákó tó ń kó èrò àti ẹrù, síta báyìí, ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ wo iṣẹ́ òyìnbó, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ tó lágbára fún wa. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí èèyàn nínú. Òyìnbó ò ṣe bọ́lẹ́kájà kankan. Ẹ́ńjìnnì, gíá, ṣáásì (irin gígùn méjì tí gbogbo ọkọ̀ dúró lé), táyà àti imú ọkọ̀, ohun tó bá ọkọ̀ ojú omi wá láti òkè òkun nìyẹn. Gbogbo ìyókù, pákó ẹ̀gbẹ́, òrùlé, bẹ́ǹṣì tí èrò ń jókòó lé, ibí la ti kàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí kọ́ńpìnì tà féèyàn, tó sanwó ẹ̀ tó gba rìsíìtì, kò tíì di lọ́rì.

Rélùwéè tó kúrò ní Ìbàdàn, apá Òṣogbo ló yà sí, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin, ó pa Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Torí náà iṣu, gàrí, èlùbọ́, títì ni gbogbo ẹ̀ ń gbà, oníṣòwò tó bá sì ti rówó díẹ̀ kó jọ, bóyá ó kó àjọ ni o, bóyá ó ta kòkó, lọ́rì lojú ẹ̀ máa ń wà lára.

Àwọn tó ń tà á, kíá la máa sọ ìyẹn. UAC ló ń ta Bedford, Leventis ló ń ta Mercedes, àwọn mìíràn náà wà. Wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n wà n'Íbàdàn, ará Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ á wọkọ̀ lọ bá wọn níbẹ̀. Bedford onímú gígùn tó jáde ní 1958, èyí tó ń gbé tọ́ọ̀nù 5, irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ oníṣòwò. Àwọn tó wúwo jùyẹn lọ, kọngilá àti ilé iṣẹ́ ńlá ló ń rà wọ́n.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ṣáásì yẹn fúnra ẹ̀. Ká sọ pé èèyàn lọ sọ́jà Akẹ̀sán lọ ra aṣọ. Yáàdì ni wọ́n máa wọ̀n fún un, wọn ò ní bá a rán an. Ẹni tó ń ta aṣọ ò bìkítà bóyá bùbá lo fẹ́ fi rán ni àbí agbádá, télọ̀ ló mọ̀yẹn. Tí télọ̀ bá gé e kéré, o ò lè padà lọ bá aláṣọ pé aṣọ ẹ ò dáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ńpìnì ọkọ̀ ṣe ń ṣe. Ṣáásì ni yáàdì, kápẹ́ńtà ni télọ̀, gàráńtì tí wọ́n fún ẹ, ara irin ló mọ, kò dé orí pákó. Ó sì dáa fún tọ̀túntòsì, torí lọ́rì tó ti lára, àyè ńlá ló máa gbà nínú ọkọ̀ ojú omi, àyè yẹn owó ni. Ṣáásì lásán máa ń ṣeé tò. Owó tí wọ́n dín níbẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún oníṣu láti ra ọkọ̀ rárá.

Tí wọ́n bá rà á tán, wọ́n á wà á lọ sílé bẹ́ẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí òrùlé, kò sí ẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà á gbé àpótí pákó kan sórí ṣáásì, á fi okùn dè é, á jókòó lé e, á di sítíárìn mú, atẹ́gùn àti eruku á máa fẹ́ lù ú lójú láti Ìbàdàn títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ kápẹ́ńtà ló ń lọ tààrà.

Kápẹ́ńtà yìí lèèyàn gbọ́dọ̀ yìn. Ṣáásì kì í dúró gbagidi, tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, irin yẹn máa ń lọ́ díẹ̀, ó sì yẹ kó lọ́, tí kò bá lọ́ ó máa dá. Tó o bá wá lu ihò sí etí irin òkè tàbí ìsàlẹ̀ kó o lè fi bóòtì de pákó mọ́ ọn, ojú ihò yẹn gan-an ni irin á ti là lọ́jọ́ kan tẹ́rù bá pọ̀. Kápẹ́ńtà tó mọṣẹ́ kì í luhò síbẹ̀. Igi gígùn méjì ló máa tẹ́ lórí irin méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn, á wá mú yúù-bóòtì, bóòtì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, á fi gbá igi àti irin mọ́ra láti ìsàlẹ̀, á fi nọ́ọ̀tì dè é lókè. Igi yẹn ló máa ń gba ìlọ́ra irin mọ́ra tí òkè ò fi ní fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa to igi ìdábùú, pákó ilẹ̀, òpó, ẹ̀gbẹ́, òrùlé. Oníṣu lè fẹ́ ẹ̀gbẹ́ gíga tó ní àlàfo kí atẹ́gùn máa wọlé, ẹni tó ń kó èrò á ní kí wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì sí i, onígẹdú ò fẹ́ ẹ̀gbẹ́ kankan. Ọkọ̀ kan náà ni kọ́ńpìnì tà fáwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o.

Àléébù tó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n. Ìwọ̀n tí ṣáásì lè gbé ò yí padà, pákó tó o kàn sórí ẹ̀ sì wà lára ìwọ̀n yẹn. Ìrókò tó gbẹ dáadáa, kúbíìkì mítà kan ẹ̀ máa ń tó bíi kílò 650. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ìrókò ṣe gbogbo ẹ̀ torí kó lè pẹ́, ó ti fi apá kan ẹrù ẹ̀ ṣe pákó, ó sì tún máa ń fẹ́ di iṣu kún un fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí kápẹ́ńtà bá ṣe tán. Kọ́ńpìnì mọ̀yí, ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fáwọn èèyàn ketekete.

Owó ńkọ́? Háyá pọ́ṣéèsì ni. Wàá san àsansílẹ̀, wàá mú onígbọ̀wọ́ wá, ìyókù wàá máa san án lóṣooṣù. Àwọn kan máa ń fi wé òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn tí wọ́n á sì wá lóṣòó síwájú ilé ẹ títí wọ́n á fi gbowó wọn. Àmọ́ wọn ò jọra. Aṣọ òṣómàáló, ọjọ́ tó o ti gbà á ló ti di tìẹ, gbèsè nìkan ló kù. Lọ́rì háyá pọ́ṣéèsì, ti kọ́ńpìnì ni títí wàá fi san owó tó gbẹ̀yìn, ńṣe lo háyà ẹ̀. Òfin Hire Purchase ti 1965 ló wá dá wọn lọ́wọ́ kọ́ díẹ̀: tó o bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, wọn ò lè ṣàdéédé gbà á padà mọ́ láìgba ilé ẹjọ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí gbèsè oṣù mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀, òfin náà gbà kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn títí ilé ẹjọ́ á fi dá a. Ibi tó burú níbẹ̀ ni pé tí wọ́n bá gbé e, pákó tí wọn ò mọ̀ nípa ẹ̀, tó o ti sanwó ẹ̀ fún kápẹ́ńtà lọ́tọ̀, òun náà bá a lọ. Ta ló máa tú bóòtì lójú títì?

Kọ́ńpìnì ò sì tíì bá ẹ parí. Lọ́rì ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tà fún ẹ, sípéà páàtì ni wọ́n á máa tà fún ẹ lọ fún ọdún mẹ́wàá, bàǹdù búréèkì, pùléètì kọ́lọ́ọ̀ṣì, gásíkẹ́ẹ̀tì, fáńbẹ́ẹ̀tì. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ á ṣí ìwé ńlá kan, á wá nọ́ńbà páàtì, á wo pẹpẹ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó di kí wọ́n kọ̀wé sókè òkun, ọkọ̀ á sì wà nílẹ̀ títí ọkọ̀ ojú omi á fi dé.

Ohun tó pa ètò yìí náà nìyẹn. Lóṣù April 1982 ìjọba Shagari fòfin dín ohun tó ń tòkè òkun wọlé kù, ní 1986 SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, dé, náírà já wálẹ̀, ní 1987 General Motors tó ni Bedford ta iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Bedford dànù. Pẹpẹ sítọ́ọ̀ ṣófo, àwọn èèyàn yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ò kú ní tiẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì bá ti gbó tán, wọ́n á tú yúù-bóòtì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin á para pọ̀ gbé ara pákó yẹn sókè lódindi, wọ́n á gbé e ka orí ṣáásì Mercedes 911 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n á dè é padà, ó tún di kó máa kó iṣu lọ.