Ohun Tó Ń Mú Idà Àtijọ́ Ró bí Agogo

Ẹni tó mọ ìkòkò aró rà ní Òṣogbo kì í fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. Á fi ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì tẹ́tí. Bó bá dún gooro, ìkòkò pé. Bí ohùn rẹ̀ bá ha, ó ti sán níbì kan, ojú ì báà má rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni idà àtijọ́ rí. Idà tó bá ti nǹkan bí ọdún 1840 wá, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, lè ti dógùn-ún, kí ẹnu rẹ̀ sì ti ku. Síbẹ̀, kí èékánná kàn án lára báyìí, á ró.

Nígbà tí wọ́n bá kan irin, ṣe ló máa ń tẹ̀ díẹ̀. Irin kò gbà kí ó tẹ̀ síbẹ̀, ó fẹ́ padà, àmọ́ bó ti ń padà, eré rẹ̀ á gbé e kọjá ibi tó ti wà, á tún tẹ̀ sí òdì kejì. Lílọ bíbọ̀ yìí ló ń ti afẹ́fẹ́ tó ń gbé ohùn dé etí wa. Igi náà ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ló máa ń gbé agbára náà mì. Òjé tiẹ̀ burú jù ú lọ, kò ní ju “pọ̀” lọ. Irin ni kì í tètè gbé e mì, òun ló fi ń dún pẹ́.

Gígùn àti nínípọn ló ń sọ bóyá ohùn á ròkè tàbí á relẹ̀. Ẹ mú irin pẹrẹsẹ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tó nípọn ní mìlímítà 5. Ìgbọ̀n rẹ̀ tó lọ́ra jù jẹ́ nǹkan bí ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ ló máa ń mọ ìyẹn ju etí lọ. Ohun tí etí ń gbọ́ ni àwọn ìgbọ̀n kéékèèké tó gùn ún lórí: nǹkan bí 126, 250, àti 410. Iye wọn kò bá ara wọn lọ bíi ti okùn gòjé, ìdí nìyẹn tí idà fi ń dún bí agogo, tí kò dún bí gòjé.

Àwọn ibì kan tún wà lára irin yìí tí kì í mì rárá nínú ìgbọ̀n tó lọ́ra jù yẹn. Méjì ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 jìnnà sí orí àti ìdí. Bí wọ́n bá gbé irin náà lé aṣọ méjì tí wọ́n ká ní àwọn ibi wọ̀nyẹn, tí wọ́n bu iyanrìn kíkúnná sí i lórí, tí wọ́n sì ń kan àárín rẹ̀ jẹ́jẹ́, iyanrìn àárín á máa fò, àmọ́ tòkè àwọn aṣọ náà kò ní fẹ́ kúrò. Idà gidi máa ń fẹ́lẹ́ lọ sí ṣóńṣó, nítorí náà àwọn ibi yìí lè sún díẹ̀. Nínú idà tí wọ́n ṣe dáadáa, ọ̀kan sábà máa ń bọ́ sí èèkù, kí ọwọ́ má bàa ta jagunjagun bó bá ṣá nǹkan líle.

Èèkù tó bá mì, awọ tí wọ́n wé, tàbí ọwọ́ tó di irin mú pinpin, gbogbo wọn ló ń pa ohùn. Ìyẹn kò ba idà jẹ́. Èyí tó yẹ kó kọni lóminú ni sísán, àti ìdàrọ́ tó há sínú irin nígbà tí alágbẹ̀dẹ ń lù ú pọ̀. Ojú ibi tí irin kò ti lẹ̀ mọ́ra á máa ha ara wọn, ohùn á sì ha.

Àṣìṣe ńlá ni kí wọ́n ní idà tó bá ró gooro ló mú jù. Rírì í bọ omi nígbà tó gbóná ń mú un le, àmọ́ ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. “Ṣíín” inú fíìmù pẹ̀lú, wọ́n fi kún un ni: akọ̀ awọ kì í mú idà dún bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ idà wò, ìka méjì ni kó fi gbé e rọ̀ níbi tí kì í mì, kó fi igi kékeré kàn án láti ṣóńṣó wá sí èèkù. Kò gbọdọ̀ fi irin kan irin, ẹnu idà á jẹ. Níbi tí ohùn bá ti ha, kó dúró, kó fọ ibẹ̀, kó wò ó nínú oòrùn: ilà tín-ín-rín tó bá rí níbẹ̀ ló ń pa ohùn rẹ̀.