Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọdẹ Tí Àlejò Mọ́ Lára

Ẹni tó ṣa kajú lóko títí oòrùn fi mú, tó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ igi ní agbègbè Ìsánlú, lè gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kó sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe nàró báyìí, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà ti ya lọ sí ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ó yẹ kí òòyì gbé e ṣubú lé àpò kajú. Kì í sábà ṣubú. Kó tó dáhùn tán, ara ti tún un ṣe.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan nínú ara ló ṣe é. Wọ́n wà lára iṣan ńlá tó gba ọrùn lọ sí orí, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti lára èyí tó ti ọkàn jáde. Wọn kò rí ẹ̀jẹ̀, wọn kò sì mọ̀ bó ṣe pọ̀ tó. Bí ògiri iṣan ṣe ń fẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Tí kò bá fẹ̀ mọ́, wọ́n á dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ọpọlọ sì ń gbọ́: ọkàn á yára, àwọn iṣan tín-ín-rín á fún. Fífún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bí fífẹ̀ ihò iṣan bá dín sí ìdajì, ìnira tí ẹ̀jẹ̀ máa rí kó tó gbà á kọjá kì í di ìlọ́po 2, ìlọ́po 16 ni.

Orúkọ tí a sọ àìsàn tí agbára ẹ̀jẹ̀ fi ń ga jù ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Téèyàn bá gbọ́ “ẹ̀jẹ̀ ríru”, á rò pé ẹ̀jẹ̀ ń hó bí ẹ̀kọ tó fẹ́ bo iná, pé oníbìínú àti aláròjinlẹ̀ ló ń ṣe, pé orí gbọ́dọ̀ fọ́ kó tó jẹ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ ò hó níbì kankan. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ló pọ̀ jù, ẹni tó ń ṣe sì lè máà mọ nǹkan kan lára fún ọdún mẹ́wàá.

Kí ló dé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ò pariwo? Ẹ wo ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Lọ́jọ́ tí àjèjì kan kọ́kọ́ gbé àpò kọjá, ó fọn fèrè, ó bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àjèjì ti ń bu obì fún un, wọ́n jọ ń yáná. Lọ́jọ́ tí onílé bá wá fẹ́ lé àjèjì jáde, ọdẹ yìí kan náà ló máa kígbe olè lé onílé lórí.

Bó ṣe rí nínú ọrùn nìyẹn. Bí iye òkè agbára ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀n bá gòkè sí 160, tó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ á gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó wà, wọ́n á sì máa gbèjà rẹ̀. Ìdí kan nìyí tí òòyì fi ń kọ́ àwọn kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn: ẹ̀ṣọ́ ló ń kígbe olè. Ká má dá ọdẹ lẹ́bi tán, ṣá. Ìyípadà ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, wọn ò ní kó máa ka iye. Fún ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ẹni tó fò dìde lábẹ́ igi kajú, kò sí ètò tó dára tó o. Fún ogún ọdún, kò wúlò.

Kíndìnrín ló yẹ kó gbà wá. Bó bá rò pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ òun kò tó, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ renin jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè ohun tí renin máa gé, ẹ̀dọ̀fóró á parí iṣẹ́ náà, ohun tó bá jáde á fún iṣan pọ̀, á sì rán ẹ̀yà kékeré tó dé kíndìnrín lórí bíi fìlà níṣẹ́ pé kó di iyọ̀ mú. Ibi tí iyọ̀ bá wà, omi á tẹ̀ lé e. (Oró ejò kan ní Brazil ló fi ọ̀nà bí wọ́n ṣe lè dí èyí han àwọn onímọ̀, oògùn captopril sì dọ́jà ní 1981.) Tí agbára ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, ṣe ló yẹ kí kíndìnrín tọ iyọ̀ àti omi dà nù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ti bá àjèjì jẹ obì.

Láàárín ìgbà yẹn, ògiri ọkàn lápá òsì ń ki bí apá ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́, àmọ́ kíki yìí kì í ṣe agbára, àyè ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn ló ń gbà. Iṣan inú ojú àti ti ọpọlọ ń le. Èyí tó bá dí tàbí tó bẹ́ nínú ọpọlọ ló ń di rọpárọsẹ̀. Iṣan kíndìnrín náà á le, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á dín, á ní ebi ẹ̀jẹ̀ ń pa òun, á tún tú renin sí i.

Rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá nìkan ni kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ń tẹ iṣan pa, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀: ibi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀ ni iye òkè, ibi tó ti dákẹ́ ni iye ìsàlẹ̀. Ẹni tó ta iṣu tán lọ́jà Kàbà, tó ti jókòó sinmi dáadáa, tí nǹkan kan ò ṣe, lè na apá kí wọ́n sì sọ fún un pé 170 lórí 100 ni, kó wá bi nọ́ọ̀sì pé ṣé ẹ̀rọ yín ò tíì bàjẹ́ báyìí.