“Ilà lásán ni, ta ló máa fún ọ ní pátẹ́ǹtì lé e lórí?”

Gbé ìkòkò alumíníọ̀mù tó ti pẹ́ nílé ka iná, bu omi tó mọ́ sí i, má ṣe dé e, kí o wá tẹjú mọ́ ìdí rẹ̀. Kí omi náà tó hó yàyà, wàá rí i tí èéhó kéékèèké ń ti ojú kan náà jáde, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ibi tó dán nínú ìkòkò náà á dákẹ́ ní tiẹ̀. Ibi tí ṣíbí ti ha, tí kànrìnkàn onírin ti fá, ibẹ̀ gan-an ni èéhó ti ń yọ. Gbogbo ẹni tó ti dúró ti omi ẹ̀bà rí ló ti rí i, bí kò tilẹ̀ kà á sí.

Àbúrò mi kan tó ń gbẹ́ irin n'Íbàdàn kà á sí ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó mú bàbà pẹlẹbẹ méjì wá sílé mi. Ó ti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ilà sára ọ̀kan, ilà tó tínrín débi pé èékánná ni mo fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ pa á wò.” Ó kó méjèèjì sínú omi lórí sítóòfù mi. Èyí tó nílà ti ń hó kí èkejì tó mira. Inú mi dùn gan-an, mo ní kó lọ wá ẹni tó mọ̀ nípa pátẹ́ǹtì, ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí ẹni tó lọ bá sọ fún un kò gùn: “Ilà lásán ni, ta ló máa fún ọ ní pátẹ́ǹtì lé e lórí? Omi híhó, Ọlọ́run ló ni ín.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé ẹ̀rọ pàápàá. Ó máa ń dùn mí, nítorí ó ń mú kí ọlọ́wọ́ ire ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù. Kò sì tọ̀nà.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ o, ìyẹn ló jẹ́ kó máa wọ èèyàn létí. Kò sí ẹni tó lè gba pátẹ́ǹtì lórí omi híhó. Òfin Nàìjíríà lórí pátẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1970, sọ ọ́ ní abala kìíní pé ìlànà àti àwárí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ìhùmọ̀. Bí o bá ṣàwárí pé ojú tó ha ni èéhó ti ń yọ, o kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n o ò lè ní àwárí náà lóhun ìní. Abala kan náà yẹn ló wá sọ pé ohun tó bá jẹ́ tuntun, tó jẹ́ pé ọgbọ́n àtinúdá ló bí i, tó sì ṣe é lò nílé iṣẹ́, ó tó gba pátẹ́ǹtì. Ó fi kún un pé àtúnṣe sí ohun tó ti ní pátẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ náà tó gbà á, bó bá ti ní àwọn nǹkan mẹ́ta yẹn. Òfin Amẹ́ríkà náà dárúkọ àtúnṣe. Kò sí ibi tí òfin méjèèjì ti sọ pé ohun tó kéré, tàbí tó tínrín, tàbí tó jọ ilà, kò gbọdọ̀ wọlé.

Kí ló wá lè jẹ́ ìhùmọ̀ nínú ilà? Ẹ jẹ́ ká wọnú ilà náà lọ. Omi kì í ṣàdédé di oru níbi tó wù ú. Èéhó tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo, omi tó yí i ká á fún un pa. Bó bá ṣe kéré tó ni fífún náà ṣe máa le tó. Ìdí nìyẹn tí irin tó dán fi gbọ́dọ̀ gbóná kọjá ibi tó yẹ kí omi ti máa hó, kí èéhó tó lè borí. Ṣùgbọ́n bí oru díẹ̀ bá ti wà ní ìpamọ́ nínú kòtò kan lójú irin, èéhó ti rí ibi bẹ̀rẹ̀, kò nílò ìgbóná púpọ̀ mọ́. Á wú, á já, á gòkè lọ, á fi díẹ̀ sílẹ̀ sínú kòtò, díẹ̀ yẹn á sì tún di òmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó o rí nínú ìkòkò nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilà tó lanu sílẹ̀ kì í pa nǹkan mọ́. Omi á wọlé, á lé oru jáde, ilà á wá dà bí ojú tó dán. Lọ́dún 1931, Jakob àti Fritz, àwọn onímọ̀ ará Jámánì, gbẹ́ ilà wínníwínní sójú irin, lóòró àti níbùú, bí àwọ̀n. Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 0.016 mílímítà, wọ́n sì fi 0.48 mílímítà jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kaná, ìgbóná tó ń ti ojú onílà yẹn bọ́ sínú omi tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ojú tó dán. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àǹfààní náà pòórá.

Nígbà tí mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́. Bàbà tiẹ̀ náà, lọ́jọ́ karùn-ún, òun àti èyí tí kò nílà ti jọ ń hó pọ̀. Ojú ń tì í, ni kò fi sọ. Mo ní kó má tijú rárá, torí pé ibi tí nǹkan ti dàrú yìí gan-an ni ìhùmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ri igbá bọ omi, kíá ló kún. Ri akèrègbè òfìfo bọ omi, wàá rí bó ṣe máa bá ọ wọ̀yá ìjà: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò fẹ́ jáde, omi kò sì rí ojú ọ̀nà gidi gbà wọlé. Inú akèrègbè fẹ̀, ẹnu rẹ̀ há. Ilà tó lanu sílẹ̀, igbá ni. Ilà tí a fẹ́ kó máa hó nǹkan lóṣù lọ́dún, akèrègbè ló yẹ kó jẹ́. Lọ́dún 1960, àwọn onímọ̀ méjì, Griffith àti Wallis, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ìwọ̀n ẹnu kòtò ló ń pinnu bí irin ṣe máa gbóná tó kí èéhó tó bẹ̀rẹ̀, ìrísí inú rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá kò ní kú lójijì. Àwárí nìyẹn, kò sí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe máa gbẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún akèrègbè tójú ò lè rí sára páìpù bàbà, kí owó rẹ̀ má sì gani lára? Ìbéèrè oníṣẹ́ ọwọ́ rèé, ìdáhùn rẹ̀ ló ń gba pátẹ́ǹtì.

Àwọn tó dáhùn kò dúró pẹ́. Lọ́dún 1969, Kun àti Czikk ní ilé iṣẹ́ Union Carbide gba pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3,454,081 lórí ojú irin tí wọ́n gbẹ́ ilà sí, tí ẹnu ilà náà há ju inú rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ti gba òmíràn lọ́dún tó ṣáájú, lórúkọ Robert Milton, fún ojú tí wọ́n lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́, tó fi ní ihò wẹ́wẹ́. Lọ́dún 1972, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Webb gba tiẹ̀: ó mú páìpù tó ní ìyẹ́ kéékèèké yí ara ká, ó tẹ orí ìyẹ́ wọ̀nyẹn títí ti ọ̀kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èkejì, àlàfo tóóró ló kù. Lọ́dún 1977 ó kan Fujie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hitachi, ní Jàpáànù: ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tóóró tó gba abẹ́ awọ irin, ihò wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún 1979 ó kan ilé iṣẹ́ Wieland ní Jámánì: ìyẹ́ tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ títí ó fi rí bíi lẹ́tà T tàbí Y.

Bí a bá yọ ti Milton kúrò, mẹ́rin ló kù, ilà tí ẹnu rẹ̀ há sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú àwọn ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá, irú èyí tó ń tu ilé gogoro àti pápákọ̀ òfuurufú lára, ni irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́: omi ń gba inú páìpù kọjá, gáàsì ń hó lára rẹ̀ lóde. Bí gáàsì bá ṣe ń hó wẹ́rẹ́ tó ni iṣẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣe ń dín kù, tí iná tó ń jẹ náà sì ń dín kù.

Ẹlòmíràn á ní báwo ni ohun kan náà ṣe di ti ẹni mẹ́rin. Pélé, ilà ni. Gọ̀mbọ́, ilà ni. Àbàjà, ilà ni. Ẹni tó mojú kò ní pe ọ̀kan ní èkejì láéláé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yìí tó gba “ilà”. Ìrísí kan, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ni kálukú gbà. Ní ìparí ìwé pátẹ́ǹtì, àwọn gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi nọ́ńbà sí, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí pèrègún ń ṣe lórí ilẹ̀ bàbá ẹni: láti ibí dé ibí ni tèmi. Ohun tí ẹ bá ka nípa pátẹ́ǹtì láìka àwọn gbólóhùn yẹn, ẹ ò tíì rí ààlà ilẹ̀ náà.

Ní ti “Ọlọ́run ló ni ín” yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́dún 1923. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Eibel rí i pé ẹ̀rọ tó ń ṣe bébà máa ń ba bébà jẹ́ bó bá ti ń sáré jù. Ohun tó ṣe kò ju pé ó gbé ìpẹ̀kun kan àwọ̀n ẹ̀rọ náà sókè dáadáa, kí omi bébà lè máa sàn wálẹ̀ níwọ̀n eré àwọ̀n fúnra rẹ̀. Àwọn tó bá a ṣẹjọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Adájọ́ àgbà Taft kọ ìdájọ́ náà, ó sì gbe Eibel, nítorí pé òun ló rí ibi tí àrùn náà ti ń wá, ìwòsàn tó fún un sì ṣiṣẹ́. Omi tó ń sàn wálẹ̀ kì í ṣe ti Eibel, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń hó kì í ṣe ti Kun.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibí yìí sáré lọ fi owó rẹ̀ jóná. Bí ilà ẹnìkan bá fẹ̀ ní 0.5 mílímítà, tí ìwọ wá gbẹ́ tìrẹ ní 0.4 torí pé o dán oríṣiríṣi ìwọ̀n wò, tí èyí sì dáa díẹ̀ jù, wọ́n á dá ọ padà. Ìdájọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Aller, ti ọdún 1955, ni àwọn tó ń yẹ ìwé pátẹ́ǹtì wò ní Amẹ́ríkà máa ń nà síni: wíwá ìwọ̀n tó dáa jù láàárín ohun tí ayé ti mọ̀ kì í ṣe ìhùmọ̀. Àfi bí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ náà kò retí bá ṣẹlẹ̀ ní 0.4 yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátẹ́ǹtì tìrẹ kò fún ọ láṣẹ láti tẹ ilẹ̀ ẹlòmíràn: bí àtúnṣe rẹ bá jókòó lórí ìhùmọ̀ tí pátẹ́ǹtì rẹ̀ ṣì wà láàyè, o gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ti Nàìjíríà tún ní tirẹ̀. Òfin wa sọ pé ewu ẹni tó gba pátẹ́ǹtì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, òǹtẹ̀ lórí ìwé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ti wo ayé yí ká bá ọ.

Ṣé ẹni tó lé àbúrò mi padà kò wá jàre báyìí? Bàbà àkọ́kọ́ yẹn kò lè gba pátẹ́ǹtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ilà ni. Torí pé Jakob àti Fritz ti gbẹ́ irú rẹ̀ lọ́dún 1931 ni. Ìyàtọ̀ àárín ìdáhùn méjèèjì ló dùn mí jù. Ẹni tó bá gbọ́ “ilà lásán ni” á lọ sùn. Ẹni tó bá gbọ́ “èyí ti wà láti 1931, ẹnu rẹ̀ ló lanu jù, lọ wo ohun tí àwọn 1969 àti 1972 ṣe” á padà sídìí ẹ̀rọ. Ó tún lè ka àwọn ìwé wọ̀nyẹn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì lo ohun tó wà nínú wọn, torí pé gbogbo wọn ti kọjá ọjọ́ orí. Ọdún 17 láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni òfin Amẹ́ríkà ń fún pátẹ́ǹtì nígbà náà. Ti Kun àti Czikk ti parí láti 1986.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó gbẹ́ ilà mìíràn, ó wá fi irin róbótó yí orí wọn mọ́lẹ̀ kí ẹnu wọn lè há, ṣùgbọ́n ó ń fo ọ̀kan kó tó tẹ èkejì: ọ̀kan ní ẹnu akèrègbè, ọ̀kan ní ẹnu igbá. Ó ní lójú tòun, èyí tó lanu ló ń gbé omi lọ bá èyí tó há. Bóyá ẹnìkan ti ṣe é rí, òun náà ti ń wá a lálaalẹ́. Ó fẹ́ gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook, mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù. Amẹ́ríkà á fún un ní ọdún kan láti fi béèrè pátẹ́ǹtì lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, ohun tó ti hàn sáyé kì í ṣe tuntun mọ́. Ní tiwa níbí, oṣù mẹ́fà tí òfin yọ̀ǹda kò kọjá ohun tí a pàtẹ níbi ìpàtẹ tí ìjọba mọ̀ sí, Facebook kò sì sí lára wọn.

Ó gbọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí báyìí, pẹ̀lú déètì, bí ẹnu ilà ṣe fẹ̀ tó, bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó, àti iye ìṣẹ́jú tí omi fi hó. Lórí ògiri lẹ́yìn sítóòfù rẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí bàbà náà bá ṣì ń hó ṣáájú èkejì rẹ̀. Nígbà tí mo yà síbẹ̀ kẹ́yìn, mo kà á, ó ti di mọ́kànlá.