Mo fẹ́ dá ilé iṣẹ́ káfíńtà kékeré sílẹ̀ nínú ilé mi ní Àkúrẹ́: kí ni kí n kọ́kọ́ rà, kí ló sì dé tí pákó fi ń tẹ̀?

Àbúrò kan tó ń gbé lọ́nà Ọbà-Ilé ló bi mí láwọn ìbéèrè yìí. Tíṣà ni, kì í ṣe káfíńtà, ó kàn fẹ́ máa kan tábìlì àti ṣẹ́ẹ̀fù fúnra ẹ̀ ní Sátidé. Mo ro pé àwọn míì náà ń bi ara wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ní gáréèjì tí mọ́tò ò wọ̀ mọ́, mo sì ti tọ́jú owó díẹ̀. Ẹ̀rọ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìdáhùn: Má tíì ra ẹ̀rọ kankan ná. Tábìlì iṣẹ́ ni kó o kọ́kọ́ kàn, kó wúwo, kó má mì, kó ní fáìsì (irin tó máa ń fún pákó mú) lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí kò sí irinṣẹ́ tó lè ṣe nǹkan gidi lára pákó tó ń sá kiri. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó ga tó, dúró dáadáa, jẹ́ kí apá ẹ rọ sílẹ̀, ibi tí ọrùn ọwọ́ ẹ bá dé ni kí orí tábìlì dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ayùn ọwọ́ kan, ìfági kan tó gùn tó ìnṣì 14, ṣísẹ̀lì mẹ́ta (kékeré, àárín, ńlá), òòlù, tépù, try square (èyí tá a fi ń wò ó bóyá igun pákó gún), clamp (èyí tá a fi ń di pákó pọ̀) mẹ́rin ó kéré tán. Àti òkúta ìpọ́nbẹ! Èyí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, wọ́n á ra ṣísẹ̀lì tuntun wọ́n á rò pé ó ti mú, kò mú rárá o, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kàn gé e lọ́nà tí wàá fi lè pọ́n ọn ni. Pọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ títí á fi dán níbi ẹnu, kó o wá pọ́n iwájú. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mú, fi gé ẹnu pákó arère, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé e kúrò. Arère rọ̀, irin tí kò mú á wó o á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, èyí tó mú dáadáa ló máa gé e tí ojú ẹ̀ á dán.

Try square náà, kó o tó sanwó fún un l'Ọ́jà Ọba, tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pákó tó gún, fi pẹ́ńsù fa ìlà, yí square yẹn padà sí òdìkejì kó o tún fa ìlà níbì kan náà. Bí ìlà méjèèjì ò bá lé orí ara wọn, dá a padà fún wọn, gbogbo ohun tó o bá fi kàn ló máa wọ́.

Ìbéèrè: Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù rèé. Mo ra pákó ní sọ́míìlì, gbọnrangandan ló rí, mo gbé e délé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti tẹ̀ bí ọpọ́n. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ o, omi ni. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lọ́nà Ìdànrè tàbí Ọ̀rẹ̀, omi inú ẹ̀ lè tó ìdajì ìwọ̀n igi yẹn nígbà tó bá gbẹ tàbí kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì sì ni omi yìí, ọ̀kan wà nínú àwọn ihò tín-ín-rín inú igi, ìkejì wọnú ara igi gan-an. Ti inú ihò ló kọ́kọ́ ń lọ, pákó á máa fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò ní yí padà, ìwọ á rò pé kò síṣòro. Ìgbà tí omi tó kù bá wá dín sí nǹkan bí ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, ti inú ara igi á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìgbà yẹn ni pákó ń súnkì.

Kò wá súnkì dọ́gba, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní gígùn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì rárá. Láti àárín igi lọ sí èèpo, ó ń súnkì díẹ̀. Yípo òrùka inú igi, ó ń súnkì tó bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Lọ wo ẹnu pákó ẹ tó tẹ̀ yẹn báyìí, wàá rí òrùka wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ká kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, bí pákó ṣe ń gbẹ àwọn òrùka yẹn á máa nà, ojú tó kọ sí èèpo á jin, ojú tó kọ sí àárín igi á yọ síta. Bó ṣe máa rí nìyẹn nígbà gbogbo, o lè wò ó ní sọ́míìlì kó o ti mọ ibi tó máa tẹ̀ sí kó o tó rà á.

Ohun tó o máa ṣe: ọjọ́ tó o bá gbé e délé gan-an, fi ọ̀dà àlòkù kun ẹnu pákó lọ́tùn-ún lósì, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, òun ló ń jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ là. Gbé e sórí búlọ́ọ̀kù kó má kan ilẹ̀, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dọ́gba sáàárín pákó kan sí èkejì, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dúró lórí ara wọn gẹ́lẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè, gbé ohun tó wúwo lé gbogbo ẹ̀ lórí. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni o, kì í ṣe inú oòrùn. Tó o bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbẹ, mú ọ̀kan, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ ọ́ sí ara ẹ̀. Tí ìwọ̀n ẹ̀ ò bá lọ sílẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tí ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ lè gbẹ ẹ́ dé. Oṣù mélòó kan ni pákó ìnṣì kan máa ń gbà, ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, má gbọ́ tiẹ̀.

Èyí tó gbẹ náà ò dákẹ́ o. Òjò á jẹ́ kó fẹ̀, ọyẹ́ oṣù Kejìlá sí Kejì á jẹ́ kó súnkì. Ìdí tí orí tábìlì tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀ pinpin fi ń là nígbà ọyẹ́ nìyẹn, kò ríbi sún sí. Ihò gígùn ni kó o lu fún sikurú níbẹ̀ kó lè ráyè rìn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi ayùn oníná ránṣẹ́ sí mi. Ṣé gen kékeré mi á gbé e?

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ ní kó ka ohun tó wà lára ẹ̀ fún ẹ. Iná wọn, 120 volt ni, tiwa 230 sí 240. Tó o bá kì í bọ iná wa báyẹn, ó ti jóná nìyẹn. Transformer tó ń sọ iná kalẹ̀ wà, àmọ́ kò lè yí 60 hertz wọn (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) padà sí 50 tiwa. Èyí tó jẹ́ ti ọwọ́, tó ní káábọ́ọ̀nù nínú mọ́tò, hertz ò kàn án. Èyí ńlá tó dúró sílẹ̀, tí mọ́tò ẹ̀ ò ní káábọ́ọ̀nù, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré ẹ̀ ló máa sá.

Ní ti gen, kékeré tí kò tó kílówáàtì kan yẹn ò lè gbé e. Ayùn oníná ti ọwọ́ lásán ń gba nǹkan bíi 1,200 wáàtì sókè. Mọ́tò ńlá tí kò ní káábọ́ọ̀nù tiẹ̀ tún le jù, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó lè fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń lò tó bá ti ń yí. Ìdí tí gen fi máa ń kérora tá á sì kú nìyẹn, kódà tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára jọ pé ó tó. Tí iná ìta bá sì rẹlẹ̀ lálẹ́, má lò ó, mọ́tò á máa gbóná láìjẹ́ pé ó ṣiṣẹ́. Wáyà èkítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ń ṣe irú nǹkan yẹn náà, èyí tí wọ́n kọ 2.5 mm² sí lára, tó nípọn, ni kó o rà.

Ìbéèrè: Tó bá wá tó àsìkò ẹ̀rọ, èwo ló ṣáájú?

Ìdáhùn: Dírílì. Lẹ́yìn ẹ̀, ayùn oníná ti ọwọ́ pẹ̀lú igi gígùn tó gún tó o máa fi tọ́ ọ sọ́nà, ìyẹn ti tó fún púláíwúùdù. Pákó tó nípọn, sanwó fún àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfági kí wọ́n fá a fún ẹ, kò nídìí kó o ra ẹ̀rọ yẹn sílé. Table saw, ìyẹn ayùn oníná tó wà lára tábìlì, gbẹ̀yìn gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ń ráhùn nípa eruku ẹ̀. Ṣé ó léwu lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an, òun ló jàre! Láti 1995 ni IARC, àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku pákó mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti inú imú. Ti ìrókò tún máa ń jẹ́ kí ara yún èèyàn, ó sì lè fa ikọ́ àsìmá. Wọ ìbòmú gidi, kì í ṣe aṣọ tó o so mọ́ imú. Ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kó o máa gbá a. Jọ̀ọ́, má jẹ́ káwọn ọmọ wá ṣeré níbẹ̀.

Ìbéèrè: Pákó wo ni kí n fi kọ́ṣẹ́?

Ìdáhùn: Arère tàbí mẹláínà, wọn ò wọ́n, wọ́n sì rọ̀ lábẹ́ ìfági. Arère ò lè gba ikán àti kòkòrò o, má gbé e síta, má sì fi ṣe ohun tó máa kan ilẹ̀. Ìgbà tọ́wọ́ ẹ bá ti dá, tó o fẹ́ kan ilẹ̀kùn, wá apá. Ó le, á jẹ irin ẹ gan-an, wàá pọ́n ṣísẹ̀lì léraléra, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì tàbí kó fẹ̀ bíi tàwọn yòókù.