Ta Ló Ń Díyelé Kòkó Àgbẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Gánà kéde pé sídì 3,000 ni wọ́n á máa ra àpò kòkó kan lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àpò mẹ́rìndínlógún ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù di sídì 48,000. Láti ọjọ́ náà, ọjà Lọ́ńdọ̀nù ì báà gbówó lérí, ì báà wó lulẹ̀, iye tí ẹni tó ń wọn kòkó lábúlé máa san kò yẹ̀ títí ìjọba fi kéde òmíràn. Ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ń kéde ohunkóhun. Àgbẹ̀ tó gbé kòkó dé ìdí òṣùwọ̀n láàárọ̀ lè gba iye kan, kí àbúrò rẹ̀ tó gbé tirẹ̀ dé nírọ̀lẹ́ gba òmíràn, torí pé wọ́n ti pe alágbàtà lórí fóònù lọ́sàn-án pé iye ti yí.

Ọ̀nà méjèèjì ló ní àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn, méjèèjì ló sì ti pa àgbẹ̀ lẹ́kún rí. Awuyewuye òṣèlú lórí owó tó ń wọlé fún àgbẹ̀ kì í tán, torí pé bí wọ́n bá ti fi ọ̀kan sílẹ̀, èkejì ni wọ́n ń padà sí.

Ìdí igi ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbin kòkó lónìí á dúró ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó fojú kan èso. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá já lọ́dún yìí, àgbẹ̀ lè fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kòkó bá wọ́n, àwọn tí kò mọra wọn rí, ní orílẹ̀-èdè tó jìnnà síra, á dìde gbìn ín lásìkò kan náà. Lásìkò kan náà ni èso wọn máa dé ọjà. Owó á sì já. Kò sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn gé igi tó ṣì lè so fún ogún ọdún, ni owó ṣe máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó tún gbérí. Ẹni tó ń jẹ ṣokoléètì náà kì í sọ tirẹ̀ di méjì torí pé kòkó pọ̀ lóko. Báyìí ni ọdún tí oko so jù ṣe lè jẹ́ ọdún tí àpò àgbẹ̀ gbẹ jù. Àwọn olóṣèlú tó ń gba àgbẹ̀ níyànjú pé kó mú ìkórè pọ̀ sí i kì í sábà sọ apá yìí.

Àìpẹ́ yìí ni ayé tún rí i bí ọjà náà ṣe ń fì. Ní 2022, nǹkan bíi dọ́là 2,500 ni tọ́ọ̀nù kòkó lórí ọjà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin 2024, ó ti kọjá 10,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kọjá 12,000. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka wú ti mú ọ̀pọ̀ oko ní Gánà àti Côte d'Ivoire, òjò ṣe ségesège, igi púpọ̀ ti darúgbó, àwọn tó ń wa góòlù sì ti hú lára oko Gánà. Kí 2025 tó parí, iye yẹn ti já tó ìdajì. Ẹni tí igi rẹ̀ kú ní 2023 kò rí kòkó tà nígbà tó wọ́n. Bó bá sì tún òmíràn gbìn, ó lè jẹ́ ìgbà tó bá já ni tirẹ̀ máa so.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti ń wá bí wọ́n ṣe máa dá ọjà yìí dúró lójú kan. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní fowó lé ara àwọn mọ́. Àwọn àgbẹ̀ náà fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò ní tà. Kòkó wà nínú ilé, owó wà lọ́wọ́ oníbàárà, kò sẹ́ni tó rìn sẹ́nì kan, títí di oṣù Kẹrin 1938. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbogbo kòkó fúnra rẹ̀. Nígbà tí ogun tán, kò dá a padà fún ọjà. Ọdún 1947 ni Bọ́ọ̀dù Kòkó, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó sì ń tà á sókè òkun, bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast.

Kólò ni èrò ọ̀hún. Ká ní ọjà òkèèrè ń san 200 pọ́n-ùn fún tọ́ọ̀nù, bọ́ọ̀dù á fún àgbẹ̀ ní 120, á sì ju ìyókù sínú kólò. Bí ọjà bá já sí 100, bọ́ọ̀dù á fọ́ kólò, 120 náà ni yóò san. Àgbẹ̀ kò ní yọ̀ jù, kò sì ní sunkún jù. Lórí ìwé, kò sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ owó àgbẹ̀ ni wọ́n ń fi pamọ́, ẹlòmíì ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1954, bọ́ọ̀dù di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, kólò Ìwọ̀-Oòrùn ti kún. Owó kòkó wà lára ohun tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ dìde ní 1955, òun náà ló kọ́ Cocoa House ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Èèyàn kò lè sọ pé nǹkan burúkú ni iléèwé. Ọmọ àgbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ pé ṣé kí a fi owó ààbò rẹ kọ́ ilé. Apá kan owó náà sì gba ọ̀nà ibòmíì lọ, èyí tí ìgbìmọ̀ Coker wádìí ní 1962.

Nígbà tí ọjà àgbáyé wá wó láàárín àwọn ọdún 1960, ìgbà tí wọ́n ṣe kólò sílẹ̀ dè gan-an nìyẹn, kò sí owó gidi nínú rẹ̀ mọ́. Ọdún ìbò ni 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kí wọ́n tó dìbò ní oṣù Kẹwàá, 120 pọ́n-ùn ni bọ́ọ̀dù ń san fún tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìbò, wọ́n gé e sí nǹkan bí ìdajì. Àgbẹ̀ tó ti yáwó lórí 120 kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ní 1968, nígbà tí ìjọba ológun fẹ́ gba owó-orí tó pọ̀ lọ́wọ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn máa san, kò gbọdọ̀ lé. Àwọn ará oko abẹ́ Tafa Adeoye gbéjà ko ọlọ́pàá àti sójà, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, kí Awólọ́wọ̀ tó lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ogun owó-orí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é di òní. Bẹ́ẹ̀ iye kòkó tí bọ́ọ̀dù ń san wà lára ẹ̀dùn ọkàn wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wolé-wolé tó ń dààmú wọn.

Ní 1986, Nàìjíríà fagi lé bọ́ọ̀dù pátápátá. Náírà já lásìkò kan náà, iye tí àgbẹ̀ ń gbà ní náírà sì fò sókè. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Àmọ́ ohun kan bá a rìn. Kòkó tó dára, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa fi bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tú u, wọ́n á máa ṣa ẹ̀gbin inú rẹ̀, bójò bá ṣú wọ́n á sáré kó o wọlé, títí tí èèyàn á fi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tó fún un, tó gbọ́ tó ń ró kẹkẹkẹ. Iṣẹ́ bíi ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Nígbà tí bọ́ọ̀dù wà, gíréèdì ló ń sọ iye, ẹni tó sá kòkó dáadáa ń jèrè ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, àwọn oníbàárà ń sáré lé kòkó bí ẹni tí ilé ń jó. Wọ́n ra tútù, wọ́n ra gbígbẹ, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ta ló máa dúró ọ̀sẹ̀ méjì? Orúkọ kòkó Nàìjíríà bàjẹ́ lókè òkun, ó sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Gánà ò fagi lé tirẹ̀. COCOBOD ló ń jẹ́ títí dòní, bó sì ṣe ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyí. Kí àgbẹ̀ tó já èso kan, COCOBOD á ti ta nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè tó ń bọ̀ fún àwọn oníbàárà òkèèrè, ní iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 títí di ìkórè 2023/24, ó máa ń kó ìwé àdéhùn yẹn lọ sí báńkì òkèèrè lọ́dọọdún, wọ́n á yá a lówó, owó yìí ló sì fi ń ra kòkó nígbà tó bá jáde. Inú iye àdéhùn náà ló ti ń yọ owó ọkọ̀, owó àpò, owó òògùn àti owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó tó kéde ohun tó kù fún àgbẹ̀.

Bí ọjà bá já lẹ́yìn àdéhùn, ọgbọ́n ńlá ni. Bó bá gòkè ńkọ́? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní 2023. Iye àtijọ́ ni wọ́n ti fi ta ọjà, ìkórè tún kéré débi pé wọn kò rí kòkó tí wọ́n ti tà kó sílẹ̀. Wọ́n ní láti sún ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò pé tọ́ọ̀nù ti di dọ́là 10,000, sídì 1,308 ni wọ́n ń san fún un lórí àpò kan. Ní oṣù Kẹrin 2024 wọ́n gbé e sí 2,070. Nígbà yẹn, kòkó ti ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ kọjá sí Tógò lóru. Côte d'Ivoire, tóun náà ń díyelé, sá tẹ̀ lé ọjà bákan náà: sẹ́fà 1,000 lórí kílò kan ní oṣù Kẹwàá 2023, 1,500 ní oṣù Kẹrin, 1,800 ní oṣù Kẹwàá 2024. Nígbà tí ọjà wá já ní 2025, wàhálà yí ojú padà. Iye tí ìjọba ti ṣèlérí fún àgbẹ̀ Gánà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí òkèèrè ń san, kò wá sí ibi tí owó ọkọ̀ àti owó àpò máa ti jáde.

Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ló ń mú ju ìdajì kòkó ayé jáde, ni wọ́n bá ní kí àwọn lo agbára yẹn. Láti ìkórè 2020/21, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra kòkó fi dọ́là 400 lé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, fún owó tí àgbẹ̀ á fi lè gbé ilé ayé. Àwọn ilé-iṣẹ́ gbà. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń san owó mìíràn lé iye ọjà nítorí pé kòkó Gánà dára. Owó yẹn ni wọ́n ń dín kù, títí tó fi di pé inú iye ọjà gan-an ni wọ́n ń yọ. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, wọ́n fi ti òsì gbà á padà. Èèyàn lè bú wọn, ṣùgbọ́n òfin kankan kò ní kí wọ́n má ṣe é.

Gbogbo èyí, iye lórí àpò ni à ń sọ. Owó tó ń wọlé fún àgbẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn, ibí sì ni àwọn tó ń jiyàn ti sábà máa ń ṣìnà. Ní Gánà, ọ̀pọ̀ oko ló wà lábẹ́ àdéhùn abusa: alámòójútó oko á mú ìdá mẹ́ta kan, ẹni tó ni ilẹ̀ á mú ìyókù. Bí ìjọba bá fi sídì 300 kún àpò, ọgọ́rùn-ún péré ló kan ẹni tó ń ro oko. Ní ibi tí kò sí bọ́ọ̀dù, alágbàtà tó yá àgbẹ̀ lówó iléèwé ọmọ àti owó òògùn nígbà òjò ló ti ni kòkó náà kó tó pọ́n, iye tí òun bá sì dá ni. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lè gbé tirẹ̀ dúró de ọjà. Àwọn tó jẹ gbèsè ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni òṣùwọ̀n. Ká fi kílò 64, tòun ti ìwúwo àpò fúnra rẹ̀, ṣe àpò kan ní sídì 3,000. Kílò kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sídì 47. Bí òṣùwọ̀n akọ̀wé tó ń ra kòkó bá fi kílò méjì jẹ lórí àpò, sídì 94 ti lọ. Lórí àpò ogún, ó ti di 1,880, ó kọjá ìdajì owó odidi àpò kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan fi máa ń kọ́kọ́ wọn kòkó wọn nílé, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé.